Ọ̀nà Tí Orúkọ Méje Lè Gbà Tò

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè kò ṣòro láti ṣàlàyé, bí ẹni tó ń gbọ́ bá lè fara balẹ̀. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe lè mọ̀, kí wọ́n tó gbé ètò kan sórí kọ̀ǹpútà, bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe máa pẹ́ tó nígbà tí nǹkan bá burú dé góńgó. Bó ṣe máa ń yá lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ dá kò kàn mí. Mo máa ń ní kí wọ́n wá àyípo inú ètò náà, ìyẹn ibi tí a ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó máa ṣe nǹkan kan náà léraléra. Bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá wà nínú gbọ̀ngàn, tí àyípo kan sì ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọgọ́rùn-ún ìkíni nìyẹn, kò sí wàhálà. Bí àyípo mìíràn bá wà nínú ti àkọ́kọ́, tó fi jẹ́ pé gbogbo wọn ló ní láti kí gbogbo wọn, ó ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nìyẹn. Bí ẹ bá tún ki òmíràn bọ inú rẹ̀, ẹ lọ wá ibi jókòó sí.

Mo máa ń fi máákà lu pátákó nígbà tí mo bá ń sọ èyí, ohùn mi sì máa ń lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ọmọ náà ń pè mí ní Ìyá Ọjọ́ Burúkú lẹ́yìn mi, wọ́n sì rò pé mi ò mọ̀. Mi ò bínú. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé èmi gan-an, nínú ọkàn mi, gbà pé ọjọ́ burúkú yẹn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ohun tí ìwé tí wọ́n fi kọ́ mi sọ nìyẹn: ẹ ṣírò rẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún wọn náà nìyẹn lọ́dọọdún, mo sì ń lọ sílé lọ jẹun.

Nínú àwọn tó wà ní ọdún ìkẹyìn, ọmọkùnrin kan wà tó wá láti Ìwópin, létí omi, ní Ògùn Waterside. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ẹní ni ìyá rẹ̀ ń hun, ẹní yẹn ló sì fi rán an wá sílé ìwé. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Òkè-Agbo, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí mò ń gbé. Ó ti sọ fún mi rí pé ohun kan ló ń dààmú òun ju ìdánwò lọ. Àwọ̀ funfun kan ti ń bo ẹyinjú ìyá òun. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ló lè mú un kúrò, òun kò sì mọ ibi tí òun á ti gbé e gbà.

Nígbà tí a wá gbọ́ pé àwọn dókítà ojú kan ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ìjọ wa, mo ronú kan ọmọ náà kí n tó ronú kan ẹnikẹ́ni. Òun náà ti gbọ́. Kódà àlùfáà wa ti pè é, wọ́n ti fún un níṣẹ́.

Iṣẹ́ náà rèé. Ní ìlú tí àwọn dókítà yẹn ti kọ́kọ́ lọ, àwọn kan gba awò ojú ọ̀fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀, wọ́n á fi orúkọ ìdílé ṣáájú. Lọ́sàn-án, wọ́n á fi orúkọ ìrìbọmi ṣáájú, ẹni tó ń kọ orúkọ á sì rò pé ẹlòmíràn ló dé. Olórí àwọn dókítà náà, obìnrin kan tí kò mọ àwàdà, ti pinnu pé ojú òun kò ní rí irú ẹ̀ mọ́. Ó ní kí ìjọ wá ètò kọ̀ǹpútà tó máa dá ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀mejì mọ̀, bó ti wù kó yí orúkọ rẹ̀ po tó. Ẹni tí kọ̀ǹpútà kò bá tẹ káàdì fún, òun kò ní fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ọmọ mi yìí ló kọ ètò náà. Ó dán an wò níwájú mi lọ́jọ́ kan lẹ́yìn kíláàsì, ó fi orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹni méjì lára wọn fẹ́ tàn án jẹ, wọ́n yí orúkọ wọn po, ètò náà sì mú wọn kí wọ́n tó pa ẹnu dé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. N kò wo inú rẹ̀; kì í ṣe iṣẹ́ kíláàsì, kò sì sí ẹni tó ní kí n wò ó.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ náà, èèyàn ti kún gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó dé. Wọ́n wá láti Japara, láti Òrù, láti Àgọ́-Ìwòyè, àwọn mìíràn sì wá láti abúlé tí èmi tí mo dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó kò tíì dé rí. Àwọn àgbàlagbà ló pọ̀ jù, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, olúkúlùkù pẹ̀lú áńkáṣíìfù tó fi ń nu omi ojú. Yàrá iṣẹ́ abẹ wà ní ilé kejì sí gbọ̀ngàn. Wọ́n ti kéde pé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ṣí ojú àwọn tí wọ́n ti ṣe fún, lẹ́yìn náà wọ́n á kọjá sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n á tún padà wá.

Ìyá ọmọ náà wà níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló mú un wá. Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn. Inú bí mi. Mo lọ bá ọmọ náà níbi kọ̀ǹpútà.

"Kí ló dé tí màmá fi wà lẹ́yìn? Ṣebí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí wọ́n ti kúrò nílé?"

"Mà, èmi ni mo kọ ètò yìí. Bí màmá mi bá kọ́kọ́ wọlé, wọ́n á ní torí màmá mi ni mo ṣe kọ ọ́."

"Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ìjọ, mà."

Mi ò lè bá a jiyàn. Mo mọ àwọn ará ìjọ wa.

Mo lọ kí màmá náà. Obìnrin tó gbẹ, tó jókòó ganrangan, ìka rẹ̀ le nítorí ẹní híhun. Mo béèrè bí ojú ṣe ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní tọ̀tún ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, tòsì ṣì ń rí díẹ̀díẹ̀, wọ́n ṣì ń hun ẹní wọn bí ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbàkígbà tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn dé. Ẹni tó ṣì ń hun ẹní, kí ló kù tí kò rí? Àbúrò wọn yí ojú kúrò lọ́dọ̀ wa. Mo ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, pé kó tó di ọ̀sán ó máa kàn wọ́n.

Bàbá kan nínú ìjọ wa ló ń tẹ orúkọ, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, èèyàn jẹ́jẹ́ tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó fi oṣù méjì jù ú lọ. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ bíi mélòó kan ló wà níwájú, nǹkan ń lọ geere. Ẹ sọ orúkọ, ó tẹ̀ ẹ́, káàdì jáde, ẹ máa lọ. Ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu ọmọ mi. Lẹ́yìn náà ló kan àwọn àgbà.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn, ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa níbí, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kì í ṣe ti bàbá àti ìyá ọmọ nìkan. Bàbá àgbà á sọ tirẹ̀, ìyá àgbà á sọ tirẹ̀, ìdílé ìyá á ní àwọn náà kò níí dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó wà ní ìlú òkèèrè á ránṣẹ́. A ò tíì dé orí oríkì, a ò tíì dé orí orúkọ ìrìbọmi. Àwa ọmọ ìsinsìnyí mú méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn lọ sílé ìwé, a sì gbàgbé ìyókù. Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn kò gbàgbé. Ọ̀gá ilé ìwé bi ìyá kan láti Japara pé, "Orúkọ yín ńkọ́, mà?" Ìyá náà tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ka méje, ó sì ń sọ ẹni tó sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ilé ìwé tẹ gbogbo rẹ̀. Wọn ò tọ́ ọ báyẹn, pé kó dá àgbàlagbà dúró láàárín orúkọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí káàdì ìyá yẹn tó jáde. Ti ẹni tó tẹ̀ lé e pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọwọ́ ọ̀sán, èèyàn lè lọ sẹ́yìn ilé kó padà wá kí káàdì kan tó jáde. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Mo ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wo, ṣé ẹ rí i pé a so ó mọ́ nǹkan kan ni? Ẹnì kan ní jẹnẹrétọ̀ kò gbé e dáadáa. Wọ́n lọ pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n tún un tan, a sì pàdánù àkókò sí i. Ìyá ìjọ kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà lórí láptọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn náà ni bàbá kan jókòó síwájú tábìlì, ó ka orúkọ mẹ́jọ, kọ̀ǹpútà sì dákẹ́ pátápátá. Gbogbo wa ń wò ó. Aago méjì ti kọjá.

Mo dìde. "Ṣí inú ètò yẹn kí n rí i."

"Mà, ó ṣiṣẹ́ dáadáa ní kíláàsì..."

"Mo ní ṣí i."

Ó ṣí i. Mo wá àyípo, bí mo ṣe ń kọ́ wọn. Ti àkọ́kọ́ ń mú gbogbo ẹni tó ti gba káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi wọ́n wé ẹni tuntun. Ìyẹn dára, mi ò ní ìjà pẹ̀lú ìyẹn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló mú mi la ẹnu sílẹ̀. Kó lè rí àwọn tó ń yí orúkọ po mú, ọmọ yìí ní kí kọ̀ǹpútà to orúkọ ẹni tuntun ní gbogbo ọ̀nà tó ṣeé tò. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀nà wọ̀nyẹn, kó tún to orúkọ ẹni àtijọ́ ní gbogbo ọ̀nà tó ṣeé tò, kó wá máa wò ó bóyá wọ́n bára mu.

Mo fa bébà orin kan tó wà lórí tábìlì, mo yí i sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò. Ẹni tó ní orúkọ méjì, ọ̀nà méjì péré ló lè gbà tò ó. Ẹni tó ní mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́fà. Mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́rìnlélógún. Ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró sí nìyẹn, kò sì sí ohun tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀. Mo ń bá a lọ. Nígbà tí mo dé orí méje, mo rí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé ogójì. Mo rò pé mo ṣì í, mo tún un ṣe. Òun náà ni. Ẹyọ èèyàn kan nìyẹn. Bí ẹ bá fi ọ̀nà ẹgbẹ̀rún márùn-ún wé ọ̀nà ẹgbẹ̀rún márùn-ún ti ẹlòmíràn, ó ti lé ní mílíọ̀nù márùndínlọ́gbọ̀n, nítorí àwọn méjì péré. Orúkọ mẹ́jọ sì ni bàbá tó jókòó níwájú wa yìí kà, gbogbo àwọn àgbà tó ti kọjá ṣáájú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fẹ́ fi wé e báyìí, àwọn tó kù lórí bẹ́ǹṣì sì lé ní ìlàjì gbọ̀ngàn.

 Mo jókòó láìmọ̀ pé mo jókòó. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń lu pátákó, tí mò ń pariwo pé ẹ ṣọ́ra fún ìgbà tó bá burú dé góńgó, mo rò pé ibì kan lọ́nà jíjìn ni ó wà, àfi bí ọ̀tá bá dìídì gbé e wá. Mo gbójú sókè, mo wo àwọn àgbàlagbà yẹn, pẹ̀lú gèlè àti fìlà wọn, tí olúkúlùkù gbé orúkọ gbogbo bàbá rẹ̀ wá. Àwọn ni. Àwọn ni ohun tí ìwé mi pè ní àìwọ́pọ̀, kò sì sí ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngàn náà. Ìwé tí mo fi ń kọ́ni kò mọ Òkè-Agbo. Ẹ̀rù bà mí gan-an, ojú sì tún tì mí.

Mo bi ọmọ náà léèrè pé, "Orúkọ mélòó lo ní?"

"Mẹ́ta, mà."

"Mélòó ni màmá rẹ ní?"

Ó wò mí. Ó wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. "Mi ò mọ̀, mà. Màmá náà ni mò ń pè wọ́n."

Mo ti bébà náà síwájú rẹ̀. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà. Mo rí i bí àwọ̀ ojú rẹ̀ ṣe yí padà. 

"Mà, kò ní parí lónìí. Kò ní dé ọ̀dọ̀ màmá mi."

Ẹnì kan tó ti ń gbọ́ wa dá ìmọ̀ràn: kí olúkúlùkù mú orúkọ méjì péré wá. Mo fẹ́ gbà. Ọ̀gá ilé ìwé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní òun kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún bàbá tó wà níwájú òun, kí èmi wá sọ ọ́. Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo kúnlẹ̀ pàápàá. Bàbá náà wò mí títí.

"Èwo nínú àwọn bàbá mi ni wẹ́ẹ́ fẹ́ kí n yọ?"

Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀. Dókítà obìnrin yẹn náà ti jáde wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́. Ó ní ìyẹn kò tilẹ̀ wúlò fún òun, nítorí ẹni tó bá mú méjì wá láàárọ̀ lè mú méjì mìíràn wá lọ́sàn-án, kí ni ètò náà á wá mú? Ó tọ́ ohun tó sọ, ó sì dùn mí pé ó tọ́. Mo ní kó jẹ́ kí a fi bírò kọ ọ́ fún òní nìkan. Ó ní rárá. Ó wo aago rẹ̀, ó ní aago mẹ́rin ni aago mẹ́rin, ó sì wọlé padà.

 Mo bínú sí dókítà, mo bínú sí ọmọ náà, mo bínú sí gbogbo àwọn tó kọ ìwé tí mo kà. Ọmọ náà jókòó, ó di orí mú. Mo fọwọ́ gbá tábìlì níwájú rẹ̀.

"Gbọ́ mi. Kí lo fẹ́ mọ̀ gan-an nípa àwọn èèyàn méjì yìí? Ṣé bí orúkọ wọn ṣe tò lo fẹ́ mọ̀, àbí àwọn orúkọ náà fúnra wọn?"

"Àwọn orúkọ náà, mà."

"Kí ló dé tó o fi ń tò wọ́n káàkiri?"

 Ó jókòó dáadáa. "Kí n tò wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo," ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kàwé lókèèrè. "Ní a, b, d. Tẹni tuntun, tẹni àtijọ́, gbogbo wọn ní a, b, d. Bó ti wù kí wọ́n sọ ọ́, ọ̀nà kan náà ló máa bọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni n ó wá fi wọ́n wéra."

"Ṣé wàá ṣe é àbí kí n ṣe é?"

Ó fa láptọ́ọ̀pù mọ́ra. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣì í tẹ̀, ó pa á rẹ́. Mo ní kó dìde kí n bá a tẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Kò kọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí, mo ń fi bébà orin fẹ́ atẹ́gùn sí i lọ́rùn, nítorí òógùn ti fẹ́ wọ ojú rẹ̀. Ó ti pa ètò àtijọ́. Àwọn tó ti gba káàdì tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbi ìpamọ́, ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ní làákàyè níbẹ̀. Ó yọ àyípo méjèèjì tó wà nínú kúrò. Ohun tó fi rọ́pò wọn kò ju ìlà kan lọ.

Ó ní kí ọ̀gá ilé ìwé tún orúkọ bàbá yẹn tẹ̀. Ó tẹ ẹ̀kẹjọ, ó fọwọ́ kan bọ́tìnnì, káàdì sì ti jáde kó tó gbé ọwọ́ kúrò. Ọ̀gá ilé ìwé fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó.  Bàbá náà mú káàdì rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ní kí wọ́n ka orúkọ tó wà lórí rẹ̀ fún òun, bóyá wọ́n pé. Wọ́n pé.

Láti ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ àwọn àgbà ni kò jẹ́ kí ìlà yára mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbé wọn lápá. Ètò náà tilẹ̀ mú ẹnì kan, ó sì jẹ́ ara ìjọ wa, bàbá kan tó máa ń gba ọrẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, tó ti gba awò ojú láàárọ̀, tó wá fi orúkọ oríkì ṣáájú. Ó ní òun gbàgbé pé òun ti wá. Dókítà obìnrin yẹn gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀ pé ó ní eyín funfun tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọmọ náà ló kù sẹ́yìn. Aago mẹ́rin ti fẹ́ lù. Àbúrò wọn mú wọn dé iwájú tábìlì, ó fi ọwọ́ wọn lé àga kí wọ́n tó jókòó. Ọ̀gá ilé ìwé béèrè orúkọ wọn. Wọ́n ka àkọ́kọ́, tí ọmọ wọn mọ̀, wọ́n wá ń ka ìyókù. Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń wo ẹnu wọn bí orúkọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde. Orúkọ ìyá ìyá wọn wà níbẹ̀. Orúkọ kan wà níbẹ̀ tí bàbá bàbá wọn sọ wọ́n nítorí pé inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bí wọn sí. Ọmọ náà kò gbọ́ ọ rí. Bó bá jẹ́ ètò àtijọ́ la ṣì ń lò, orúkọ obìnrin yìí nìkan ì bá tó láti pa ìyókù ọjọ́ náà, mo sì ń rò ó lórí ìdúró.

Káàdì jáde. Ọmọ náà gbé ìyá rẹ̀ lápá, wọ́n sáré, tí ẹni tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ bá lè sáré. Nọ́ọ̀sì ti di ìlẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ mú, ó ti ń tì í. Mo pariwo láti ẹ̀yìn, ohùn tí mo fi ń kọ́ni, ohùn tí wọ́n ń gbọ́ ní kíláàsì kejì. Dókítà yọjú. Ó wo káàdì, ó wo aago, ó wo ojú ìyá náà, ó sì fi ìka méjì gbé ìpéǹpéjú wọn sókè, tọ̀tún, lẹ́yìn náà tòsì. Ó pẹ́ lórí tòsì. Mo rò pé ó fẹ́ kọ̀.

"Ẹ wọlé, mà," ó sọ. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn lẹ́yìn wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbọ̀ngàn náà dákẹ́ ju ti àná lọ. Àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún jókòó lẹ́sẹẹsẹ, òwú àti báńdéèjì lójú kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹbí wọn dúró sẹ́yìn. Dókítà ń lọ láti àga dé àga. Bó bá ti ṣí ojú kan, ẹni náà á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyá Japara wo aṣọ tó wọ̀, ó ní wọn kò sọ fún òun pé ó ti ṣá tó báyìí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi ṣì wà lórí bí gbogbo rẹ̀ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ó kan ìyá ọmọ náà. Ojú òsì, èyí tí wọ́n sọ fún mi pé ó ṣì ń rí díẹ̀díẹ̀, ni dókítà yàn láti ṣe fún wọn. Ó bọ́ báńdéèjì, ó yọ òwú, ó nu ojú náà pẹ̀lú omi, ó ní kí wọ́n là á díẹ̀díẹ̀. Wọ́n là á. Wọ́n ṣẹ́jú, omi ń dà níbẹ̀. Wọ́n wo dókítà, wọ́n wo iná tó wà lókè, wọ́n wo àbúrò wọn, ìyẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan.

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn, ó wá dìde sórí ìkúnlẹ̀. "Màmá, èmi rèé."

Wọ́n yíjú sí ohùn náà, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀. Inú mi ń dùn, mò ń retí pé wọ́n á rẹ́rìn-ín, pé wọ́n á súre fún un. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ojú wọn ń rìn lórí ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

"Ghá súnmọ́ mi," wọ́n sọ. Ó súnmọ́ wọn. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka tó le yẹn kan àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n yára gbé e kúrò.

"Irùngbọ̀n rè é? Ìgbà wo lo hu irùngbọ̀n?"

 Ọmọ náà yíjú sí àbúrò ìyá rẹ̀, ìyẹn sì wo ilẹ̀. Ó yíjú sí mi, èmi náà wo ilẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ kíláàsì mi, ní ọdún kìíní, irùngbọ̀n yẹn ti wà lójú rẹ̀, ó ti kún.